Alápatà ní Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Júù

Ọdún méjì gbáko ni bàbá mi fi gbà pé ọ́fíìsì ni mò ń lọ láràárọ̀. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní mo ní tábìlì tèmi, mo ní kọ̀ǹpútà, mo ní fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí mo ti ń wo yìnyín bó ṣe ń bọ́. Yìnyín nìkan ni òótọ́ níbẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àwọn Júù kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní dẹ́lì, nínú ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí òtútù rẹ̀ máa ń ta èèyàn létí bíi kòkòrò. Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi purọ́, ó yẹ kí ẹ mọ bàbá mi. Alápatà ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, odò ẹran ló ń gbà lọ. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà ní gbogbo Sátidé, èmi náà máa ń tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí igẹ̀ màlúù parí sí àti ibi tí ìhà ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ. Mo mọ̀ pé tí èèyàn bá gé ẹran dábùú iṣan, yóò rọ̀ lẹ́nu, tó bá sì gé e tẹ̀ lé iṣan, yóò le bí okùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo wọ ilé-ìwé girama, bàbá mi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"Ó tó," ó ní. "Ìwé ni kí o gbá mú báyìí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa rùn bí èmi."

Mo gbá ìwé mú. Mo di olùkọ́, mo sì kọ́ ọmọ ní Ọ̀yọ́ fún ọdún mẹ́fà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Mùfú tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí níṣẹ́ bàbá mi, oníṣòwò ni mo máa ń sọ pé ó ń ṣe. Nígbà tí mo wá rí ọ̀nà àtilọ sí òkè òkun, bàbá mi lọ sọ fún gbogbo odò ẹran pé ọmọ òun ń lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ òyìnbó. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì yẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni mi ò sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ó jẹ́ pé odidi ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. Mo máa ń kí àwọn tí a jọ ń gun àtẹ̀gùn, wọn a wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Mo máa ń dé yàrá mi nírọ̀lẹ́, kí n wá rántí pé n kò tíì la ẹnu láti àárọ̀.

Obìnrin ará Gánà kan tí a jọ ń gbé ilé ló sọ fún mi pé àwọn Júù kan ń wá ẹni tí yóò máa fọ abọ́. Ó ní wọn kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀. Ìyẹn tó fún mi.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Mọ́tì lorúkọ rẹ̀. Ó kúrú, irun etí rẹ̀ ti funfun, épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ sì gùn dé bàtà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ilẹ̀ níwájú mi, ó wò ó títí.

"Kí ló já bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan kan tó já bọ́, pé báyìí la ṣe ń kí àgbà nílùú mi.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ yẹn ò mọ́. Ìwọ lo máa fọ̀ ọ́."

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Ó ní kí n máa pe òun ní Mọ́tì lásán bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Bàbá Mọ́tì ni mo pè é títí tó fi kú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìjà ni wọ́n ń jà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin kan wà tó ń gbé oúnjẹ fún kọ́sítọ́mà, Dórà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó de táì, tó jọ lọ́yà, ní kí ó bá òun fi wàràkàṣì sórí ẹran òun. Àwọn Júù kì í da wàrà pọ̀ mọ́ ẹran. Dórà kò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Ilé ẹjọ́ niṣẹ́ tìẹ. Jẹ ohun tí mo bá gbé fún ẹ." Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, mo ń retí kí ọkùnrin náà bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun náà bèèrè wàràkàṣì lọ́wọ́ Dórà nígbà ayé rẹ̀, ohun kan náà ló sọ fún un.

Èmi náà, Dórà ní ọwọ́ mi falẹ̀ bíi ti ìgbín. Mo sunkún sórí abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ju súwẹ́tà kan sórí èjìká mi, ó ní aṣọ tí mo ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́ yẹn, àwọn òkú nìkan ni wọ́n ń wọ irú rẹ̀ nínú òtútù. Kò dúró gbọ́ ẹ ṣeun.

Ọjọ́ tí mo fọwọ́ kan ọ̀bẹ níbẹ̀ jẹ́ Ọjọ́rú, lọ́sàn-án. Ọkùnrin tó ń gé ẹran ti kó lọ sí ìlú mìíràn láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn ò sì tíì rí ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn tò dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Mọ́tì fúnra rẹ̀ dúró sídìí pákó tí wọ́n fi ń gé ẹran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gé àwọn kan nípọn, ó gé àwọn kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo rí ojú àwọn èèyàn tó ń wò ó, mo sì rí i pé òun náà rí i. Mo nu ọwọ́ mi, mo lọ dúró ti í.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gé e, sà."

Ó yẹ̀ díẹ̀. Igẹ̀ màlúù ni. Ó gbóná, ooru ń jáde lára rẹ̀, ata dúdú sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo yí i títí mo fi rí ibi tí iṣan gbà lọ, mo sì gbé ọ̀bẹ lé e dábùú. Ọwọ́ mi rántí. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ìlà èèyàn náà ti dínkù, Bàbá Mọ́tì sì jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni. Alápatà ni."

N kò sọ ọ́ rí láyé mi fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa. Ó mi orí, ó ní kí n má padà sídìí abọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi ní ìyókù. Inú yàrá tútù tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ti ń rẹ ẹran sínú àgbá omi iyọ̀, pẹ̀lú aáyù, ṣúgà díẹ̀, ata oníhóró àti ewé tí àwa náà máa ń jù sínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Ọjọ́ mẹ́wàá ló ń lò níbẹ̀. Bàbá Mọ́tì kò kọ òṣùwọ̀n kankan sílẹ̀. Ẹyin tútù ló máa ń jù sínú omi náà. Tí ẹyin bá rì, iyọ̀ kò tó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Wọ́n lé bàbá náà kúrò nílùú rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà, àgbá kan ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, ó dúró ti àgbá náà, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹran ni wọ́n rò pé àwọn ń wá jẹ," Bàbá Mọ́tì sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń yí ẹran nínú àgbá. "Kì í ṣe ẹran. Gbogbo wọn ti jókòó jẹ ẹ́ rí pẹ̀lú ẹnì kan tó ti kú. Tí adùn rẹ̀ bá yàtọ̀ lọ́la, a ti gba ẹni náà lọ́wọ́ wọn nìyẹn."

Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti pẹ́ nílẹ̀ náà, ọmọ-ọmọ wọn kò gbọ́ èdè míì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n ní ibì kan tí wọ́n lè wọ̀ kí wọ́n sì mọ̀ pé ilé ni àwọn wà. Èmi ti mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ni mo gbé wá láti ilé? Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá tó wúlò fún ẹnikẹ́ni, òun ni mò ń fi pamọ́ fún bàbá mi.

Ìyá àgbà kan máa ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú, Missis Ẹ́sítà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ọkọ ti kú. Ó ṣì ń jókòó síbẹ̀, ó ń béèrè sáńwíìṣì kan, yóò jẹ ìdajì, yóò di ìdajì lọ sílé. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé e dé iwájú rẹ̀, ó máa ń bi mí pé, "Ìwọ lo gé e?" Mo máa ń ní, "Èmi ni, mà." Yóò ní, "Bàbá ẹ kọ́ ẹ dáadáa," torí Bàbá Mọ́tì ti sọ fún un. Ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ń mẹ́nu ba bàbá mi.

Tí bàbá mi bá wá pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ lẹ́yìn ìrun, yóò béèrè pé, "Ọ́fíìsì ńkọ́?" Màá ní, "A dúpẹ́, bàbá." Yóò ní òun ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ òun pé wọ́n fún mi ní ipò. Ipò tí n kò gbà rí.

Nígbà tí ọdún kejì ń parí lọ, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá Mọ́tì. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wúwo lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rútù, ló gba ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì ni, kò fẹ́ràn ìdí àgbá rí. Láàárọ̀ á wẹ bàbá rẹ̀, á fún un lóúnjẹ, lọ́sàn-án á wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ á pọ́n. Kò ju oṣù kan lọ tí ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹran sẹ́yìnkùlé wa láti ilé iṣẹ́ ńlá kan. Ó ti jinná, wọ́n ti wé e sínú láílọ́ọ̀nù. Àwọn Júù ló pa á, kò sí aburú kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Àwọn àgbá gbẹ. Pátákó iwájú ìta ṣì wà níbẹ̀, ohun tó wà lára rẹ̀ kò yí padà: Ibí la ti ń ṣe é.

Rútù kó wa jọ. "Tí wọ́n bá béèrè," ó ní, "tiwa ni. Ẹ má ṣàlàyé."

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Missis Ẹ́sítà jókòó sáyè rẹ̀. Kò bi mí bóyá èmi ni mo gé e. Ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Ṣé ibí lẹ ti ṣe é?"

Dórà wà lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Mo ronú kan yàrá tí mò ń gbé, mo ronú kan ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ náà.

"Ibí ni, mà."

Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rún un lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó nu ẹnu, ó wọ kóòtù, ó sì wò mí, kì í ṣe bí ẹni tó bínú. Ọjọ́rú mẹ́ta kọjá, kò wá.

N kò lè sùn dáadáa mọ́. Ní Jímọ̀ọ̀ kẹta, bàbá mi pè mí lórí fídíò. Mùfú ti wá kí i láti Ọ̀yọ́, òun ló di fóònù mú. Bàbá mi ti rù. Ó ní, "Ọ́fíìsì ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, n kò ní ọ́fíìsì." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: abọ́, ọ̀bẹ, igẹ̀ màlúù. Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò lè dúró mọ́, mo sọ ti Missis Ẹ́sítà náà.

Mo rí ojú Mùfú tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó ń ṣẹ́jú sí mi pé kí ló dé tí mo fi sọ ọ́.

"Láti ọdún méjì," bàbá mi ní, "mo ti ń gbé irọ́ kiri odò ẹran, n kò sì mọ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ìyá arúgbó yẹn, ṣé ó bi ẹ́ tààrà?"

"Ó bi mí."

"Tí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo ni mo pa ẹran, kí ni mo máa ń sọ?"

Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"O wà níbẹ̀. O gbọ́ mi. Ẹran àná, ẹran àná ni mo máa ń pè é, bí wọn ò bá tiẹ̀ rà á. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ kí o má baà rùn. N kò gbà á kí o lè lọ kọ́ irú iṣẹ́ yìí. Wá ìyá náà lọ."

Ó ní kí Mùfú gba fóònù. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo bá Rútù nínú yàrá àgbá. Mo sọ fún un pé n kò ní lè sọ pé ibí la ti ṣe é mọ́.

"Ṣé kí n lé ẹ ni?"

"Tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí bàbá yín ṣe ń ṣe é. Ẹ fún mi ní àgbá kan."

Ó jókòó sórí àpò àlùbọ́sà. Mo rò pé ó fẹ́ pariwo. Ó ní, "Mo gbé ẹran ilé iṣẹ́ yẹn fún bàbá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó kọjú sí ògiri. Ṣé o rò pé èmi ò mọ̀ ni?" Ó fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀. "Àgbá kan. Tó bá bàjẹ́, ó parí." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lẹ bébà bo ọ̀rọ̀ tó wà lára pátákó.

Ọjọ́ mẹ́wàá náà gùn. Ẹyin mẹ́rin rì kí èyí karùn-ún tó léfòó. Bí mo bá ṣí àgbá láàárọ̀, ẹ̀rù á máa bà mí kí òórùn rẹ̀ tó kàn mí nímú. Lọ́jọ́ kẹfà, bàbá mi pè, òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹran náà.

"Fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ń padà?"

"Ó ń padà, bàbá."

"Níbi tó nípọn ńkọ́? Yí i. Omi ò tíì wọ ibẹ̀."

Mo yí i. Ó wò ó pẹ́, ó ní ó dáa, ó sì pa fóònù. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò pè mí ní ọmọ mi.

Nígbà tí ẹran jinná, Rútù gbé èyí tí mo kọ́kọ́ gé lọ fún bàbá rẹ̀. Ó padà wá, ó ní bàbá òun jẹ ẹ́ tán, ó sì ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Dórà fún mi ní àdírẹ́sì Missis Ẹ́sítà. Mo gbé ẹran lọ bá a nílé. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀.

"N kò béèrè oúnjẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ẹran tí mo gbé fún yín lọ́jọ́ náà kì í ṣe tiwa. Mo mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí. Ẹ má bínú. Èyí ni tiwa. Èmi ni mo rẹ ẹ́, èmi ni mo gé e."

"Mo mọ̀ bó ṣe kan ahọ́n mi," ó ní. "Kì í ṣe ẹran ló dùn mí. Mi ò lè bi Dórà, yóò sọ ohun tó bá wù ú. Ìwọ ni mo bi, torí mo rò pé ìwọ ò ní purọ́ fún mi."

Ó gba ẹran náà gba àárín ilẹ̀kùn. Ó ní, "Òtútù ń wọlé," ó sì pa á dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ó ń jẹ ìdajì, ó ń di ìdajì lọ sílé. Ṣùgbọ́n kò bi mí mọ́ láéláé pé ṣé èmi ni mo gé e.

Bí a ṣe ń lọ nìyẹn fún bí oṣù mẹ́jọ, àgbá kan, lẹ́yìn náà méjì. Rútù ká bébà kúrò lára pátákó. Nígbà tí Bàbá Mọ́tì kú, àwọn tó tò sí ìta lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ débi pé a gé ẹran tán kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn tí kò rí i jẹ kò lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe bú wọn. Lẹ́yìn náà ni Rútù ta ṣọ́ọ̀bù náà. Ó sọ fún mi kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní ó ti rẹ òun, mo sì gbà, torí mo rí i. Fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo wà ní ilé ìdáná ilé àwọn arúgbó kan lápá ibòmíì nínú ìlú náà. Wọn kò ní àgbá.

Bàbá mi ń pè mí ní gbogbo Jímọ̀ọ̀. Kì í béèrè ọ́fíìsì mọ́. Ó máa ń bi mí bóyá ọ̀bẹ tí wọ́n fún mi mú. N kò mọ ohun tó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, n kò sì ní ìgboyà láti béèrè. Oṣù tó kọjá ni Mùfú sọ fún mi. Ó ní òun tẹ̀ lé e lọ sí odò ẹran, ọkùnrin kan sì pè é, ó ní, "Alhaji, ọmọ yín tó wà ní ọ́fíìsì lọ́hùn-ún ńkọ́?"

Mùfú ní bàbá mi kò dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró. Ó gé ẹran tó wà níwájú rẹ̀ tán, ó nu ọ̀bẹ.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ó ní.